Ẹsẹ̀ Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Wa

Ẹ ní kí n má rìn ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Mo ti gbọ́. Àná ni ìyá yín kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ní ọ̀kadà ti pọ̀ jù lójú títì, pé àwọn tó ń gùn ún kò wo iwájú, wọn ò wo ẹ̀yìn, pé eegun àgbà kò sì gba ìkọlù. Òótọ́ ló sọ. Mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ná, ẹ̀yin ọmọ mi. Iná ti lọ, fóònù yín ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹran Iléyá ti wọ ikùn gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí mo ń bá rìn fún yín. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ ṣì ní kí n jókòó sílé, ẹ ó wá sọ ọ́ lójú mi.

Japara àdúgbò wa tí ẹ rí yìí kọ́ ni Japara ìgbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà ni. Nígbà yẹn, ilé-ìlagi ló máa ń sọ̀rọ̀ fún Ìjẹ̀bú-Igbó látàárọ̀. Àwọn igi ńlá tí wọ́n gé nínú igbó, tí ọkọ̀ rù wá, ẹ̀rọ á máa là wọ́n, á máa ké bí ẹni tí ń sunkún tí kò fẹ́ kí wọ́n rẹ òun lẹ́kún. Ẹ̀ẹ́ máa pariwo kí ẹnì kejì yín tó gbọ́. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rọ̀, tí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣe ló dà bíi pé ẹnìkan gbé ọwọ́ kúrò létí ìlú. Àwọn ohùn kéékèèké á wá máa jáde wá bí ọmọ eku. Ẹ ó gbọ́ ewúrẹ́ tí ń padà bọ̀ wálé. Ẹ ó gbọ́ òfì àwọn obìnrin aláṣọ-híhun nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, pàkà, pàkà, pàkà. Ẹ ó gbọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ nínú epo gbígbóná, tó ń han ṣìì, tí òórùn iṣu ewùrà àti ata á gba gbogbo àdúgbò. Ẹ ó gbọ́ àwọn tó ń ṣa obì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ewé tútù ní ẹsẹ̀ wọn, agbọ̀n ńlá níwájú wọn.

Ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń jáde. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n á fi fìlà sórí, wọ́n á bọ́ sí títì. Ibo ni wọ́n ń lọ? Wọn ò lọ síbì kankan. Èyí ni kì í yé ẹ̀yin. Ẹ̀yin, bí ẹ kò bá níbi tí ẹ ń lọ, ẹ kì í dìde. Àwọn wọ̀nyẹn ń rìn kí wọ́n lè kí èèyàn, kí èèyàn sì lè kí wọn. Ẹni tí wọn ò bá rí fún ọjọ́ méjì, wọ́n á yà sílé rẹ̀ láti wò ó bóyá ara rẹ̀ le. Ulé ni a ń pe ilé nígbà náà, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ilé bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn. "Ṣé dede ulé wà?" ni wọ́n á bi ọ́, pé ṣé gbogbo ilé wà, wọ́n á sì dúró gbọ́ ìdáhùn, títí kan ti adìyẹ tó ń pamọ.

Bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Télọ̀ ni. Gbogbo ọkùnrin tó bá fẹ́ dá agbádá tí yóò balẹ̀ dáadáa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Bó bá ti kí ìrun Alásàrí tán, á bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á rìn, á sì padà dé kí wọ́n tó pe Mọ̀gàríbì. Ẹni tó bá sọ pé òun ò mọ aago, kó wo Bàbá mi. Àwọn obìnrin máa ń sọ pé, "Télọ̀ ti kọjá, ẹ dáná ọbẹ̀."

Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ já a kulẹ̀. Kò ṣẹlẹ̀ lójijì. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìkùukùu. Ó ń pè mí kí n bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe. Nígbà tó yá, ó rán agbádá ọkọ ìyàwó kan, ó sì rán ọrùn rẹ̀ pa. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni ọkùnrin náà gbé aṣọ borí, orí kò jáde. Ó ń yí gbirigbiri nínú ilé bí ẹran tí wọ́n jù sínú àpò, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, òun ń bú wọn láti inú aṣọ. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà, kò sì ṣí i mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti jáde mọ́. Ó ń jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Bàbá mi ní, "Ṣé kí n jáde kí gbogbo ìlú máa káàánú mi ni? Ẹni tó ń kí ènìyàn lójú, ẹ fẹ́ kó wá máa kí ògiri?" Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ ń joro bí ewé tí wọ́n já sóòrùn.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Bá mi mú bàbá rẹ jáde. Má bẹ̀ ẹ́. Má bi í. Ṣáà mú ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìwọ lo fẹ́ lọ."

Mo lọ bá a. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí láti lọ ra epo lẹ́yìn ilé-ìlagi. Ẹ sìn mí lọ."

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà ọ́, ìwọ tí o bá ajá jà nígbà Iléyá tó kọjá?"

Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí lónìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ wá fìlà rẹ̀. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo rò pé èmi ni mo ń mú Bàbá mi rìn, àṣé òun ló ń mú mi. Mi ò tíì rí ìlú yìí rí títí di ìgbà tí afọ́jú fi hàn mí. Ó ní, "Dúró. Ṣé o gbọ́ òfì yẹn? Ìyá yẹn ń bínú lónìí, wo bó ṣe ń gbá a." Ó ní, "Ilé tó kàn yìí tutù, ilé alámọ̀ ni, wọn kò tíì fi bíríkì kọ́ ọ." Ó mọ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ nípa bí ẹyẹlé ṣe ń dún lábẹ́ páànù rẹ̀. Ó mọ ẹni tó gé obì lónìí nípa òórùn ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn kò káàánú rẹ̀ tó bó ṣe rò. Ṣe ni inú wọn dùn. "Télọ̀, a ti ń jẹun pẹ́ jù láti ìgbà tí ẹ kò ti jáde mọ́!" Bó bá gbọ́ ìyẹn, á gbé orí sókè, á máa rìn bí ọkọ ìyàwó. Mo rántí pé ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ máa ń pọ́n nítorí ilẹ̀ pupa, eruku á dúró nínú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun wúrà, èmi á sì máa rò pé bóyá a ti kú, pé ọ̀nà àlùjánnà la wà yìí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń rìn nígbà tó dúró lójijì. Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn wa?"

Mo wẹ̀yìn. Níbi igun ilé kan, obìnrin kan dúró tó wọ aṣọ funfun gígùn, ẹsẹ̀ lásán, kò wọ bàtà. Ó fi ìka sí ètè. Ó mi orí sí mi, rárá, rárá. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí Ràbí ni, àbúrò Bàbá mi obìnrin.

Mo ní, "Kò sí ẹnì kankan, Bàbá."

Ó ní, "Hẹn-ẹn." A sì ń bá ìrìn wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Àǹtí Ràbí fún yín, kí ó lè yé yín. Àwọn òbí wọn kú nígbà tí òun ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ni Bàbá mi, ó sì gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn bí obìnrin, ó sì ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò dá wọn lóhùn. Òun ló tọ́ ọ, òun ló kọ́ ọ ní kéwú, òun ló kọ́ ọ ní aṣọ rírán. Nígbà tí ìyá mi wọ ilé, kò lè pe orúkọ Ràbíátù, nítorí ọmọ ọkọ ni. Adúmáadán ló ń pè é.

Nígbà tí Àǹtí Ràbí dàgbà, ó pàdé ọkùnrin ará Makun-Omi kan tó ń gbé ẹja yíyan wá láti etí ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi ló fi ń gbé e débi tí ọkọ̀ ilẹ̀ wà, kó tó gbé e débí. Jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà, kì í sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, àwọn tó ń bọ́ bàtà sílẹ̀ tí wọ́n ń gbàdúrà lẹ́bàá omi. Àǹtí Ràbí tẹ̀lé e lọ síbẹ̀, wọ́n sì rì í bọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Dèbórà.

Bàbá mi kò bínú sí ẹja, kò bínú sí Makun-Omi. Orúkọ náà ló pa á lára. Òun ló sọ ọ́ ní Ràbíátù lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ní iwájú ilé wa, lójú gbogbo èèyàn, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó na ìka sókè, ó ní, "Wọlááì, ojú mi kò ní rí ilé rẹ láéláé." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Àǹtí Ràbí dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀ nù, ó sì lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Ojowo. Ojowo kò jìnnà sí wa. Ẹ ó rìn ín kí ìkòkò ìrẹsì tó hó. Síbẹ̀ ọdún méje kọjá. Bí Bàbá mi bá ń nasẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, bó bá dé ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà ti yà sí Ojowo, á yí padà bí ẹni pé ayé parí síbẹ̀.

Òun ló wá ń tẹ̀lé wa yìí. Lójoojúmọ́ ni. Kì í súnmọ́ wa, kì í jìnnà sí wa. Bí òkúta bá wà lọ́nà, màá rí i tó na ọrùn. Bí Bàbá mi bá kọsẹ̀, màá gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́yìn wa. A ó padà délé tán kó tó yí padà, á sì lọ nìkan láàárín eruku pupa náà, aṣọ rẹ̀ á máa funfun títí tí ojú mi ò fi ní rí i mọ́.

Bàbá mi tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. "Ṣó dá ọ lójú pé kò sẹ́nì kankan?"

"Kò sí, Bàbá."

Oṣù Ààwẹ̀ sì dé. Ẹ wo wàhálà mi. Mò ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́ kan, mò ń purọ́ lọ́wọ́ kejì. Mo máa ń sùn, màá máa rò ó pé èwo ni málékà ń kọ sílẹ̀ nínú méjèèjì. Mo tiẹ̀ fẹ́ sọ fún ìyá mi, ṣùgbọ́n mo wò ó pé bí ọ̀rọ̀ náà bá dé etí Bàbá mi, yóò padà jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìrìn wa á sì parí. Nítorí náà, mo gbé irọ́ mi mì pẹ̀lú omi sààrì.

Inú òjò ni ààwẹ̀ bọ́ sí lọ́dún náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ńlá ti rọ̀ lọ́sàn-án, ó ti dá. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. A jáde. Ebi ń pa mí, gbogbo òórùn ìlú ló ń bá mi jà. Nígbà tí a dé ibi tí ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀ kan wà, mo ní, "Bàbá, ẹ dúró síbí, kí n ra ohun tí a ó fi ṣínu." Mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni gọ́tà ńlá kan wà, tó ń gbé omi òkè lọ sódò. Wọ́n máa ń to pákó lé e lórí. Òjò ti gbé pákó lọ, èmi ò sì wò ó. Omi pupa ń dún nínú rẹ̀ bí ẹranko. Ọ̀rẹ́ Bàbá mi kan wà ní òdìkejì, ó pè é, "Télọ̀! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Bàbá mi yọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ láti lọ kí i.

Mo rí i. Mo ya ẹnu, igbe jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀, wọn ò kúrò lójú kan. Ohun funfun kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àǹtí Ràbí fò mọ́ ọn, ó so ọwọ́ mọ́ ọn ní ìbàdí, ó fà á sẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì ṣubú sínú ẹrẹ̀ létí gọ́tà náà. Fìlà Bàbá mi bọ́ sínú omi. A wò ó bó ṣe ń yí lọ, lọ, lọ, tó fi rì.

Gbogbo èèyàn sáré dé. Ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀ fi epo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di ọrùn ọwọ́ ẹni tó fà á mú.

Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ọlọ́run á ṣe é fún yín. Ta nìyí?"

Àǹtí Ràbí ti ètè bọ ẹnu, kò fọhùn. Aṣọ funfun rẹ̀ ti pupa láti ọrùn dé ilẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ Bàbá mi ní òdìkejì fi ọwọ́ lérí.

Bàbá mi ní, "Ṣé odi ló gbà mí là ni?"

Omi gọ́tà nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ràbí. Ṣé ùwọ ò ní dáhùn ni?"

Àǹtí Ràbí bú sẹ́kún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Ta ló kọ́ ọ rìn? Ṣebí èmi ni. Ẹsẹ̀ òsì rẹ máa ń fa díẹ̀ kó tó balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló fà lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tí o ṣubú lé mi láyà. Ṣé mo lè gbàgbé ìyẹn?"

"Kí ló dé tí ẹ kò wí nǹkan kan?"

Bàbá mi fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ lójú, bí ẹni pé ó fẹ́ kí ojú náà ríran. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí ni. Mo rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, o ò ní wá mọ́."

Mo wólẹ̀ síbẹ̀, mo ń sunkún. Mo ní, "Bàbá, mo purọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo purọ́."

Ó wá orí mi kiri títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á. Ó ní, "Èmi náà ń bi ọ́ bí ẹni tí kò mọ̀. Kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wa. Ẹ gbé mi dìde."

A gbé e dìde. Mo rò pé ilé wa la ń lọ. Ó ní, "Ràbí, ilé ta ló súnmọ́ jù? Oòrùn ń wọ̀, mi ò sì lè fi ẹrẹ̀ kírun."

Àǹtí Ràbí wolẹ̀. "Tèmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti búra, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ni mo wí gan-an? Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

"Ẹ ní ojú yín kò ní rí ilé mi láéláé."

"Ìwọ náà gbọ́ ọ. Ojú mi ni mo fi búra. Ṣé mo mẹ́nu ba ẹsẹ̀?" Ó yíjú sí wa pẹ̀lú ojú tó ti funfun náà. "Ojú rèé. Kò ní rí i. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, a gba ibi tí ọ̀nà ti yà, a ò sì yí padà. Àǹtí Ràbí wà ní ọ̀tún rẹ̀, èmi wà ní òsì. Àwọn èèyàn jáde sí iwájú ilé wọn, wọn ò kígbe, wọn ò yọ̀. Ṣe ni wọ́n ń kí wa wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," bí ẹni pé a kò tíì rìn ní ìlú yìí rí.

Nígbà tí a dé Ojowo, ọkọ Àǹtí Ràbí wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń to ẹja. Ó rí Bàbá mi, ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kí òun dọ̀bálẹ̀ tàbí kí òun sá. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀. Ó ní, "Dìde, ará omi. Fún mi lómi."

Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló pọn omi, òun ló ń bù ú sí i lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ títí ẹrẹ̀ fi tán, tí Bàbá mi sì ṣe àlùwàlá. Wọ́n pe ìrun láti mọ́ṣáláṣí, ohùn èèyàn lásán ni nígbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn náà ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí òrùlé bí ẹni tí kò kánjú. Bàbá mi fi omi ṣínu. Àǹtí Ràbí tẹ́ ẹní. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó kọjú ẹní náà síbi tó yẹ gan-an.

Bàbá mi fi ẹsẹ̀ tọ́ ẹní náà wò. Ó ní, "Ṣé o ṣì mọ ibẹ̀?"

Ó ní, "Mi ò gbàgbé, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀nà mìíràn ni mo kàn yà gbà."

Bàbá mi dúró sórí ẹní náà. Ó kírun. A jẹ ẹja yíyan ará Makun-Omi pẹ̀lú ẹ̀bà. Mo ti jẹ ọ̀pọ̀ oúnjẹ láti ìgbà náà, ní ibi ìyàwó, ní ibi ìsọmọlórúkọ, mi ò tíì rí èyí tó dà bí i. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó mú gèlè lọ́wọ́ sáré wá sí Ojowo, ọ̀kan lára bàtà rẹ̀ ti já lọ́nà. Ó so mọ́ Àǹtí Ràbí, ó ń pè é, "Adúmáadán mi, Adúmáadán mi."

Àgbà kan ní mọ́ṣáláṣí bi Bàbá mi pé ṣé kò da ìbúra rẹ̀. Bàbá mi ní, "Ẹ bi ojú mi léèrè. Bó bá sọ pé òun rí ilé Ràbí, ẹ wá mú mi." Àgbà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ohun tó ń bínú sí.

Láti ọjọ́ náà, Àǹtí Ràbí ló ń wá mú un jáde ní ìrọ̀lẹ́. Kí n má purọ́ fún yín, èyí tí mo pa nígbà yẹn ti tó, inú mi kò dùn. Ọwọ́ mi ṣófo. Èmi ni mo wá di ẹni tó ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ àríyànjiyàn wọn: Bàbá mi á sọ ìtàn Ànábì Yúsúfù bó ṣe wà nínú kéwú, Àǹtí Ràbí á sọ tirẹ̀ bó ṣe wà nínú Bíbélì, wọ́n á dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n á máa jà sórí irú ẹ̀wù tí Yúsúfù wọ̀. Bàbá mi á ní, "Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, ta ni télọ̀ nínú èmi àti ìwọ?" Kò pè é ní Dèbórà rí títí tó fi kú, Àǹtí Ràbí kò sì bá a jà sí i. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi rìn báyìí. Bí mo bá fẹ́ kí ọ̀kan padà wá nínú gbogbo ohun tí mo ti ní láyé, ọ̀kan nínú ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn ni, kó jẹ́ èyíkéyìí, kó má tiẹ̀ jẹ́ èyí tó dára jù.

Ìgbà ọyẹ́ ni Bàbá mi kú, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, lórí ẹní. A sin ín lọ́jọ́ náà kí Alásàrí tó pé. Àǹtí Ràbí wá, ó fi aṣọ bo orí, ó dúró láàárín àwọn obìnrin wa, kò sunkún sókè.

Lọ́jọ́ kejì, ilé kún fún àlejò. Nígbà tí oòrùn rọ̀, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Ràbí ló dúró síbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán. Kò wọlé. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀ sí iwájú, bó ṣe máa ń nà án.

Ìyá mi wò ó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Adúmáadán, o mọ̀ pé ó ti lọ. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀, ìyàwó wa," ni Àǹtí Ràbí wí. "Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì gbọ́."

Mo dìde láàárín àwọn àlejò. Mo mú ìborùn mi. Mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo di ọwọ́ rẹ̀ tó nà náà mú, a sì jáde lọ kí ìlú.